Bàtà Líle Lórí Yìnyín

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni obìnrin kan ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, n kì í gun ọ̀kadà àfi bí ẹni tó fẹ́ gbé mi bá ṣèlérí fún mi pé òun ò ní sáré. Bí ó bá wá ṣèlérí tán tó tún sáré, màá di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, màá máa ké "Jésù! Jésù!" títí a ó fi débi tí mò ń lọ. Àwọn ọlọ́kadà àdúgbò wa mọ̀ mí dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Àǹtí Ẹ-rọra ló ń bọ̀ yẹn o. Èmi ò gbé e, ìwọ lọ gbé e."

Irú èmi yìí náà ló wá bá ara rẹ̀ lórí òkè ńlá kan nílẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ pátákó kan ṣoṣo, tí wọ́n ní kó máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ gùn, kò sì dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Yìnyín tibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó máa ń já lu páànù wa nígbà òjò o. Ó rọ̀, ó máa ń bọ́ láìpariwo, á sì ga dé itan èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá ti bo ilẹ̀ báyìí, èèyàn ò ní gbọ́ ìró mọ́tò, kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo tẹ orúnkún díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Àwọn yòókù yíjú sí fèrèsé. Mo jókòó, ojú ń tì mí, mo ń ro ó pé kí ni mo ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù kan tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ni mo ti ríṣẹ́. Àwọn tó wá ṣeré lórí yìnyín ló máa ń yá bàtà àti pátákó níbẹ̀. Sínóbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe pátákó náà. Èèyàn á de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, á fẹ̀gbẹ́ dúró, á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Antóní lásán. Àgbàlagbà tó ju bàbá mi lọ! Ẹnu mi kọ̀ ọ́ pátápátá. Mo ń pè wọ́n ní Ọ̀gá Antóní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe di orúkọ wọn nìyẹn.

Bàbá mi ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí. Bàtà aláwọ ni bàbá mi ń rán ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí wọ́n fi kú, ẹ̀gbẹ́ àga wọn ni mo sì dàgbà sí. Mo máa ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà oníbàárà, tí wọ́n á ní, "Ṣé ó gbà yín?" Ọjọ́ tí mo lọ wáṣẹ́, oníbàárà kan ń bínú pé bàtà tí wọ́n fún òun ń dun òun. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lórí, mo ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ká, kí wọ́n fún un ní èyí tó fẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀gá Antóní bi mí pé ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀.

Bàtà rírọ̀ ni mo fi kọ́ pátákó náà lọ́dún kìíní. Ọ̀gá ní ẹni tó ń yá èèyàn ní nǹkan gbọ́dọ̀ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣe. Mo ṣubú títí ìdí mi fi wú. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn lójú àánú. Okùn ni wọ́n fi ń so ó, inú rẹ̀ ní tìmùtìmù, ọrùn ẹsẹ̀ èèyàn á máa lọ á máa bọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà mí, màá kàn yí pátákó dábùú, màá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbo yìnyín, màá dúró. Ọ̀kadà tí mo lè dá dúró fúnra mi ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún kejì, orúnkún Ọ̀gá Antóní dẹnu kọlẹ̀.

Ọ̀gá kì í wọ bàtà rírọ̀ rárá. Bàtà líle ni tiwọn: ike tó gan tó ga dé agbede méjì ojúgun, irin mẹ́rin ni wọ́n fi ń tì í níwájú. Pátákó tó ń bá a rìn gùn, ó sì tín-ín-rín. Kì í gbo yìnyín, ṣe ló ń fi etí gé e. Ṣọ́ọ̀bù tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn èèyàn a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí rẹ̀. Oníbàárà á fẹ́ kí ẹnìkan bá òun gòkè, kó wo bí òun ṣe dúró, kó bá òun tún bàtà náà ṣe. Orúnkún Ọ̀gá kò lè ṣe é mọ́.

Wọ́n pè mí jókòó nínú oṣù kejì. Wọ́n ní, "Lópin oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa kọ ìwé iṣẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo lè gbà. Ẹni tó lè wọ bàtà líle bá oníbàárà gòkè ni mo nílò. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ. Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá ṣe é, sà," ni mo wí. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Inú mi ń sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ ìwé iṣẹ́ mi. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́ nìyẹn, èmi náà á sì di ẹrù mi. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn padà sílé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn padà yàtọ̀ sí kí wọ́n lé e padà. Ilé tí a háyà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Màámi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ látìgbà tí bàbá mi ti kú, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú ilé bàbá wọn. Níbi tí mo wà, wọn ò tíì kà mí mọ́ ara wọn. Níbi tí mo ti wá, ààyè mi ti dí. Mo máa ń mú ìwé ìgbélùú pélébé yẹn jáde nínú dúrọ́ọ̀ lójoojúmọ́, màá wo fọ́tò mi tó wà lórí rẹ̀, màá dá a padà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà líle, inú ṣọ́ọ̀bù ni. Ọ̀gá Antóní fi iná mú inú bàtà náà gbóná kó lè rọ̀, kó gba ìrísí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n tẹ gìgísẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Wọ́n ti irin kìíní. Wọ́n ti èkejì. Nígbà tí wọ́n ti ẹ̀kẹta, mo di etí tábìlì mú.

"Sà, kò gbà mí."

"Ó gbà ọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ẹsẹ̀ mi ò lè mira nínú ẹ̀."

"Kò yẹ kó lè mira. Nínú bàtà rírọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ ló ń bá ọ ṣiṣẹ́. Gbàgbé ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún àti ìbàdí ló kù báyìí."

Wọ́n ti ẹ̀kẹrin. Mo gbìyànjú láti rìn. Ojúgun mi ń ti ike, ike ò dáhùn. Mo ń dún gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n lórí pákó ilé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí ilé yìí bá gbiná nísinsìnyí, mi ò lè sá. Òógùn bò mí nínú òtútù. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo wọ ilé ìtọ̀, mo jókòó síbẹ̀ mo ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwọn. Bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, bàtà di èèwọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ tí wọ́n fi ń rìn bọ̀ lójú títì Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bàtà wo ló le tó bẹ́ẹ̀?" ni Màámi bi mí. "Ṣé ti ṣọ́jà ni?"

"Ó ju ti ṣọ́jà lọ, Màámi."

"Ta ló fi tipá wọ̀ ọ́ sí ọ lẹ́sẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fi tipá ṣe é. Iṣẹ́ ni."

"Hẹ̀n. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ mọ́ inú ike." Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. "Ṣé o ń jẹun? Ohùn rẹ ò dùn."

"Mò ń jẹun, Màámi. Òtútù ló mú ohùn mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀, lórúkọ Jésù. Èèyàn ò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ yẹn, orúkọ rẹ ni wọ́n á fi kọ ọ́."

"Àmín, Màámi. Àmín."

Àdúrà wọn gba ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ̀rù mi ò lọ, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan dì mú.

Kí n má parọ́ fún yín, oṣù yẹn le. Orí bàtà rírọ̀, ẹ̀gbẹ́ lèèyàn ń kọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Orí bàtà líle, iwájú gan-an lèèyàn kọ sí, ẹ ó wá rí gbogbo ọ̀gbun náà bó ṣe là sílẹ̀ dè yín. Pátákó tín-ín-rín yẹn ń sáré ju ọ̀kadà lọ. Bí ẹ̀rù bá bà mí, ara mi á fẹ́ ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, á fẹ́ yí i dábùú kó gbo yìnyín. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ mi, á sọ mí nù. Ọ̀gá Antóní á wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa ké sókè pé, "Gé e! Má gbo ó! Gé e!"

"Mò ń bọ̀, sà!"

"Mi ò ní kó o máa bọ̀! Mo ní kó o gé e!"

Wọ́n bá mi dẹ irin kékeré tó wà lẹ́yìn bàtà kó lè tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́. Síbẹ̀, bó bá ti di aago márùn-ún ìdájí ni ojú mi á là, màá máa ka iye ọjọ́ tó kù kí oṣù ó parí. Kò sẹ́nì kan nítòsí tí mo lè sọ ọ́ fún. Àwọn tí a jọ ń gbélé á rí mi ní pálọ̀, wọ́n á ní "Ṣé dáadáa ni?", wọ́n á ti kọjá kí n tó dáhùn. Ìgbà tó yá, mo ń bá bàtà náà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ yìí, má pa mí o. Màámi ò ní ọmọ mìíràn."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù parí nígbà tí ó gé.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni. Ọ̀gá Antóní ti bá àwọn tó ń wa àga oníwáyà tó ń gbé èèyàn gòkè sọ ọ́, kí wọ́n jẹ́ ká bá àwọn òṣìṣẹ́ gòkè kí àwọn èrò tó dé. Ẹ̀rọ ti tẹ́ yìnyín náà, ojú rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ bí aṣọ òfì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Ẹsẹ̀ kan kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú rọra sọ̀ kalẹ̀ nítorí orúnkún wọn, wọ́n yà sí kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ níbi tí mi ò ti lè rí wọn, wọ́n ń dúró dè mí.

Apá òsì ni mo gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi pààlà. Mo tẹ orúnkún. Mo ní kí ìbàdí mi lọ sínú òkè dípò kó sá fún un. Àfi bí etí pátákó ṣe wọ yìnyín, kírí, tó sì dì í mú! Kò gbọ̀n. Kò fà. Ó gbé mi yí bí ìgbà tí èèyàn kan fà mí lọ́wọ́. Mo ṣe é lápá kejì, ó tún gbé mi. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró, mo kígbe níbẹ̀ lémi nìkan, "Yéè! Ọmọ oníbàtà ni mí o!" Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo wà nígbà tí ọkùnrin kan sáré kọjá lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún. Àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì kan ti bá àwọn òṣìṣẹ́ gòkè ní kùtù, mi ò mọ̀. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni tirẹ̀, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó jìnnà sí mi tó bí ìbú ilé mẹ́ta. Mo rí i tí pátákó rẹ̀ kan fẹsẹ̀ kọ èkejì, ó fò sókè, ó fi èjìká lélẹ̀, ó yí gbirigbiri.

"Pẹ̀lẹ́ o!" ni mo ké. Mo tú ẹsẹ̀ mi kúrò lórí pátákó, mo ń fi bàtà líle yẹn sáré lọ bá a, mo ń ṣubú mo ń dìde. Bí mo ṣe rántí pé kò gbédè mi, mo fi gẹ̀ẹ́sì sí i. "Sọ́rì, sà! Sọ́rì o! Sọ́rì!" Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó di apá rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wò mí bí ẹni tó ń jí lójú oorun. "Sọ́rì, sà," ni mo tún wí. Mo gbọn yìnyín kúrò lójú rẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí mo sọ ọ́.

Àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè dé pẹ̀lú ọmọlanke orí yìnyín wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi ọkùnrin náà pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára nà sí mi. "Obìnrin yìí ló gbá mi látẹ̀yìn. Látìgbà yẹn ló ti ń bẹ̀ mí."

 Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Èmi kọ́, sà. Mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá."

Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé o sọ pé sọ́rì?"

"Mo sọ ọ́."

"Bí o kò bá ṣe nǹkan kan, kí lo ń tọrọ àforíjì sí?"

"Nítorí pé ó ṣubú."

Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ wo ara wọn. Mo rí i lójú wọn pé ohun tí mo sọ kò nítumọ̀ kankan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀? Bí ìyá kan bá fẹsẹ̀ kọ ní ọjà Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ẹni tó tì í ló ń kí i pẹ̀lẹ́ ni? Alátà á kí i, ọlọ́kadà á kí i, ààfáà tó ń lọ kírun á kí i, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á yọrí lójú fèrèsé kí i. Ẹni tó bá dákẹ́ la máa ń wò lójú ọ̀ràn, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ lo tì í ni?" Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ yẹn. Sọ́rì ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ká máa sọ, a sì ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi ni.

Ọkùnrin náà ní òun máa fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹni tó ń kọ̀wé ní kí n pe orúkọ mi, kí n sì sọ irú ìwé ìgbélùú tí mo ní.  Mo mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá kọ mí sílẹ̀ báyìí, kò sí ọ́fíìsì tó máa tún ìwé mi ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹnu mi ni mo fi da ilé ara mi rú.

Ọ̀gá Antóní ti ń fi orúnkún wọn tó ti bàjẹ́ gòkè bọ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò bi mí pé ṣé mo gbá a. Wọ́n ní, "Ibo lo gbà?"

"Apá òsì, sà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá."

"Ṣé o gé e àbí o gbo ó?"

"Mo gé e, sà." Ẹkún ti ń mú mi. "Mo gé e lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí wọ́n tó ṣí àga oníwáyà fún gbogbo èrò. Bí wọ́n bá ti dé, ẹsẹ̀ wọn á bo gbogbo ojú yìnyín. Ọ̀gá di ọkùnrin tó ń kọ̀wé náà lápá, wọ́n ní kó máa bá àwọn ká lọ. A ń gòkè. Bàtà líle kì í ṣe fún gígun òkè; gbogbo ìṣísẹ̀ ń họ mí lójúgun. Mò ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá jẹ́ pé mo ṣìnà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo rò pé mo wà lápá òsì?

Ó wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́, ó jìn, etí rẹ̀ dán bí ibi tí bàbá mi fi ọ̀bẹ la awọ. Ó wá láti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ó yí lọ, ó yí bọ̀, ó tún yí, ó dúró. Ibi tó dúró sí, ojú ẹsẹ̀ bàtà líle ló kù, ó sáré la àárín yìnyín tí ohunkóhun ò tíì tẹ̀ kọjá lọ sápá ọ̀tún. Lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, ìlà méjì ti ọkùnrin náà ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí tí ọ̀kan fi gun èkejì. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wa.

Ká ní bàtà rírọ̀ ni mo wọ̀, mi ò bá ti gbo gbogbo ibẹ̀ rú, kò sẹ́ni tí ì bá mọ ibi tí ọ̀nà mi pin sí. Ẹni tó ń kọ̀wé fi fóònù ya gbogbo ẹ̀. Ó ya ojú ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ya èyí tó kẹ́yìn, àwọn èrò àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n gba orí ìlà mi kọjá, ó parẹ́. Mo jókòó sórí yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ọkùnrin náà ti sọ ní ọsibítù pé òun ò rí ẹni tó gbá òun. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ló jẹ́ kí òun gbà pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà kò ránṣẹ́ sí mi. Òun tó yẹ kó sọ sọ́rì gan-an, kò sọ ọ́.

Ọ̀gá Antóní ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó kojú mi. "Gbọ́. Má sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ lórí òkè yìí. Bí èèyàn bá ṣubú, bi í pé níbo ló dùn ún. Bi í pé ṣé kó o pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ dé. Lọ́jọ́ mìíràn, yìnyín lè má bá ọ jẹ́rìí."

"Mo gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù ló kọ́ mi. Lópin oṣù wọ́n kọ ìwé, orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀, wọ́n tún ìwé ìgbélùú mi ṣe. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti òkè délẹ̀ lórí bàtà líle láìṣubú, Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú àwọn oníbàárà. Màámi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní wọ́n jó títí ẹsẹ̀ wọn fi pọ́n. Mi ò sọ ti ọkùnrin tó ṣubú fún wọn rí. Kí ni mo fẹ́ kó wọn láyà sókè sí?

Ọdún kẹta rèé. Ojoojúmọ́ lèèyàn ń ṣubú lójú mi lórí òkè yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sáré dé eyín mi, màá fi eyín dè é. Mo ti gé ahọ́n ara mi jẹ lẹ́ẹ̀kan. Màá wá sọ èyí tí wọ́n kọ́ mi, "Níbo ló dùn ọ́? Ṣé kí n pe ẹnìkan?" Mo máa ń wo ẹ̀yìn mi pẹ̀lú, kí n rí ibi tí ìlà mi wà. Nígbà tó yá, kò ṣòro mọ́. Nígbà tó tún yá, ọ̀rọ̀ náà kì í wá mọ́. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, fóònù mi dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Màámi ni. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Mo ṣubú," ni wọ́n wí. "Mò ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, símẹ́ńtì tutù, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọrùn ọwọ́ ni. Wọ́n ti dì í fún mi ní ọsibítù."

"Níbo gan-an lẹ ti ṣubú?"

"Ẹnu ọ̀nà. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni rí yín?"

"Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹnìkan ló tì yín ni? Níbo ló dùn yín báyìí? Ṣé kí n pe ẹnìkan?"

Màámi dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo rò pé iná fóònù wọn ti tán.

"Màámi?"

"Mo wà ńbí." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹni tó gbé mi lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, kò mọ̀ mí rí o, ó ń kí mi títí a fi débẹ̀. Ààfáà ilé tó kọjú sí tiwa mú ọsàn wá kí mi. Ìwọ nìkan lo ń wádìí mi bí ọlọ́pàá."

Mo la ẹnu. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n sọ. Mo wá a, mo ń wá a, eyín mi pàdé, ó dì. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn bí kò ṣe bà mí rí lórí òkè kankan. Oníbàárà kan na bàtà sí mi, mo yẹra fún un, mo fi ojú kọ ògiri. Mò ń mí sínú fóònù, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò lè sọ nǹkan kan.

Màámi gbọ́ ẹkún mi. Wọ́n dúró fún mi, wọn ò kánjú. Lẹ́yìn náà ohùn wọn rọ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ rí lọ́hùn-ún. Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́."